Ẹ Pe Ìyàwó Wọlé

Bí ọkùnrin kan bá ti ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ prọ́sítéètì dé sí ìlú wa, Ìpetumodù, ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn ará ilé ń bá a sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ kú ewu." Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "A dúpẹ́ pé ó ti tán." Mo ń ṣe àmín sí ti àkọ́kọ́. Ìkejì ni mo fẹ́ bá jà lónìí, nítorí èmi ni mo ń fọ aṣọ ìtẹ́sùn, mo sì mọ̀ pé kò tíì tán.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, fi òwò kòkó tọ́ ọmọ títí eékún fi ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ti gba ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ prọ́sítéètì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA sì ń fi hàn pé àrùn náà ti rọlẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Àwọn gan-an ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, wọ́n ní bí ó bá ku tàwọn nìkan, ẹnu àwọn kò ní gbà á. Ohun tí mo fẹ́ wí kò pọ̀. Kí ilé ìwòsàn kankan tó tan ìtànṣán sí ọkùnrin lára, kí wọ́n pe ìyàwó rẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì bí ìgbé ayé wọn ṣe lè rí lẹ́yìn náà. Nígbàkígbà tí wọ́n bá sì ń pè é padà fún àyẹ̀wò, kí wọ́n pe ìyàwó náà pẹ̀lú, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé.

Ìlú Èkó la ti gba ìtọ́jú náà, ilé àbúrò mi ní Ìkòròdú la sì wọ̀ sí. Láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, a máa ń jí kí àkùkọ tó kọ kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ má bàa ká wa mọ́nà. Ẹṣẹ́ kékeré ni prọ́sítéètì. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ìfun tí ìgbẹ́ ń gbà jáde sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìtànṣán tó ń wá ẹṣẹ́ yìí lọ kò lè ṣàì kan àwọn aládùúgbò méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn mu omi dáadáa ṣáájú, kí àpò ìtọ̀ kún, kí ó sì ti yàgbẹ́ kí ìfun lè ṣófo, kí ibi tí ìtànṣán máa bà jẹ́ lè kéré. Lórí ìwé, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì, tí gbogbo wọn ti mu omi yó, tí wọ́n pa itan pọ̀, tí wọ́n ń wo ojú ìlẹ̀kùn, tí ẹnì kan sì jáde wá sọ pé iná ti lọ, kí wọ́n fara dà á díẹ̀. Òmíràn á dìde lọ tọ̀ nítorí kò lè mú un mọ́ra mọ́, yóò padà wá mu omi mìíràn, yóò sì bọ́ sẹ́yìn gbogbo wọn.

Ní ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ọkọ mi ní kò dun àwọn, kò gbóná, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Ìta ni mo jókòó sí ní gbogbo ìgbà yẹn. Ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n gbà láti ṣe é, nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Mama, ẹ jókòó síbí, kò ní pẹ́." Ọkọ mi wọlé, wọ́n jáde, mo bi wọ́n pé kí ni dókítà wí. Wọ́n ní, "Wọ́n ní yóò dára." Ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà lè ti sọ ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n etí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ kì í gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí etí kejì bá wà níbẹ̀ ni, ohun tí ti àkọ́kọ́ kò gbọ́ kò ní bọ́ sílẹ̀.

Ìyá mi jẹ́ amọ̀kòkò, bí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣe ní Ìpetumodù wa. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá sun ìkòkò kọ́ ni wọ́n ń mọ èyí tó sán. Ó di ìgbà tí iná bá kú, tí ìkòkò tutù, tí wọ́n fi ìka kàn án, kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ ìtànṣán rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe sí ara lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń fi hàn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyẹn sì tún yàtọ̀ sí èyí tó ń yọjú lẹ́yìn ọdún méjì sí márùn-ún. Nígbà tí a fi máa rí ti ìkẹyìn yìí, a ti kúrò ní Èkó tipẹ́, nọ́ọ̀sì tó ní kí n jókòó síta kò sì sí nítòsí kí n bi í.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ta wọ́n bí wọ́n bá ń tọ̀, ó sì ń gbọ̀n wọ́n jí lóru léraléra. Ìyẹn rọlẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ohun tí kò lọ tán ni ìkánjú: bí ìtọ̀ bá ti pè, kò ní sùúrù. Ẹ má fojú kékeré wo èyí, nítorí ibi tí ilé ìtọ̀ bá wà ni ayé ọkùnrin bẹ́ẹ̀ mọ. Ọkọ mi kò jókòó sí àga àwọn àgbà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ẹ̀yìn lẹ́bàá ìlẹ̀kùn ni wọ́n wà, àwọn kan sì ti ń sọ pé ìgbàgbọ́ wọn ti ń tutù. Bí wọ́n bá pè wọ́n sí òde, kí wọ́n tó bèèrè aṣọ ẹbí, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ilé ìtọ̀ wà ní gbọ̀ngàn náà. Bí a bá ń lọ sí Ìbàdàn, awakọ̀ kò ní dúró kó tó dé Ìkirè tàbí Aṣejirè nítorí ẹnì kan ṣoṣo, bó bá sì dúró, àgbàlagbà tó wọ agbádá yóò dorí kọ igbó lójú gbogbo èrò. Ní báyìí, ike ìtọ̀ kan tó ní ìdérí wà nínú àpò wa tí a bá ń rìnrìn àjò, pẹ̀lú pámpáàsì àgbà méjì. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá kọ́ ilé ìtọ̀ tó mọ́, tó lómi, sí ọjà àti ibùdókọ̀ wa ti ṣe ìtọ́jú jẹjẹrẹ, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ọmọbìnrin wa jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló fi yé mi pé àwọn dókítà ibẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ lé irú àwọn ọkùnrin yìí, wọn kò sì dúró lórí ẹni tó kú àti ẹni tó yè nìkan. Nínú ìwádìí kan tó ń jẹ́ ProtecT, wọ́n pín ọkùnrin 1,643 sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ, àwọn kan gba ìtànṣán, àwọn kan ń lọ fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè láìtíì fọwọ́ kan àrùn náà. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde ọdún 15 jáde ní 2023, àwọn tí jẹjẹrẹ náà pa jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 100, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ìgbé ayé. Ní ọdún kejìlá, 24 nínú 100 àwọn tó gba iṣẹ́ abẹ ló ń fi nǹkan gba ìtọ̀ tó ń jò. Láàrin àwọn tó gba ìtànṣán, 8 nínú 100 ni. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ìgbẹ́ tó ń jò, àwọn onítànṣán ló pọ̀ jù: 12 nínú 100, tí àwọn yòókù sì jẹ́ 6. Mo mọ̀ pé òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, tí wọ́n sì tètè rí àrùn tiwọn. Àwọn tiwa kì í sábà lọ sí ilé ìwòsàn àfi ìgbà tí ó bá ti le. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí yíyè bá ti dọ́gba, irú ayé tí ènìyàn fẹ́ gbé ló yẹ kó fi yan ìtọ́jú. Báwo ni tọkọtaya yóò ṣe yàn nígbà tí ọ̀kan wà nínú yàrá, tí èkejì jókòó síta?

Ní ti ìgbẹ́, ìtọ́jú ti parí fún ohun tó lé ní ọdún kan kí ọkọ mi tó rí ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo Ìpetumodù di oníṣègùn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣùgà tí wọ́n ń jẹ ló fà á. Aládùúgbò gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá nínú ike, ó ní kí wọ́n mu ìlàjì lówùúrọ̀, ìlàjì lálẹ́. Ọmọ wa ló kígbe lórí fóònù pé kí wọ́n má mu ún. Ìtànṣán tó kọjá lára ìfun máa ń sọ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ di ẹlẹgẹ́, wọ́n sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń mọ níwọ̀n, ó sì ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ wò ó nítorí ohun mìíràn lè fa ẹ̀jẹ̀. Àgbo tó ń ṣí inú gbuuru yóò tún ha ibi tó ti bó ni. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé tó ní irú aláìsàn yìí mọ̀: kí dókítà kankan tó ti ẹ̀rọ bọ ìdí wọn, tàbí kó gé ẹran níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ sọ fún un pé ìtànṣán ti kọjá níbẹ̀ rí. Ọgbẹ́ ibẹ̀ kì í tètè jinná. Ọ̀rọ̀ tí kò gba ìṣẹ́jú méjì láti sọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bá èmi sọ ọ́ nígbà tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ìtànṣán nìkan sì kọ́ ló wọ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ikùn ní oṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Dókítà kan tó ń jẹ́ Charles Huggins, tó ṣiṣẹ́ ní Chicago, ló fi hàn ní 1941 pé hòmóònù ọkùnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ prọ́sítéètì, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1966. Abẹ́rẹ́ náà ń dá hòmóònù yìí dúró. Níbi tí owó abẹ́rẹ́ kò bá sí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ kóró ẹpọ̀n, ibì kan náà ni méjèèjì sì ń já sí. Bí oúnjẹ àrùn bá ti tán, nǹkan mìíràn ń bá a tán lára ọkùnrin. Ooru á bò wọ́n lójijì nínú ọyẹ́, òógùn á bo ojú wọn. Ikùn á yọ, ọmú á máa ro wọ́n, iṣan apá á rọ, egungun á máa fúyẹ́ bí ó bá pẹ́. Àárẹ̀ tí oorun kì í wò á dé. Ọkọ mi tí kò sunkún níbi ìsìnkú bàbá wọn sunkún nítorí pé ẹnì kan kọrin dáadáa nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ooru yẹn ni mo ti mọ̀ tipẹ́, òun ló bá mi jà ní àwọn ọdún tí nǹkan oṣù mi ń dáwọ́ dúró. Nígbà náà, Bàbá Ìbejì máa ń ní kí n pa fáànù kí òtútù má bàa pa àwọn. Lóru ọjọ́ kan tí wọ́n jí, tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù, tí wọ́n dojú kọ fáànù alágbára bátìrì wa, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n èmi kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín bí n kò bá mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló ń ṣe é. Ìyàwó tí kò mọ̀ yóò rò pé wọ́n ti ṣe ọkọ òun ní nǹkan, ilé àdúrà ni yóò gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ló kù, kí àwọn ọmọdé tó ń ka ìwé ìròyìn yìí fo ìpínrọ̀ yìí. Abẹ́rẹ́ ń pa ìfẹ́ ọkàn kíákíá. Ìtànṣán ní tirẹ̀ ń fi ọdún mélòó kan sọ agbára di aláìlágbára. Nínú ìwádìí ProtecT yẹn, ní ọdún keje, 27 péré nínú 100 àwọn tó gba ìtànṣán ló ṣì lè ṣe ojúṣe ọkọ láìsí ìdíwọ́. Ti àwọn tó gba iṣẹ́ abẹ tún kéré sí i, ó jẹ́ 18. Ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa níhìn-ín, ọkùnrin kì í sọ ọ́ jáde. Yóò máa pẹ́ níta, yóò máa sùn sórí àga pálọ̀, yóò máa wá ìjà kékeré kí alẹ́ tó lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin rẹ̀ á parí ọ̀rọ̀ sí pé ó ti ní ẹlòmíràn níta. Ilé ti tú báyìí nítorí ohun tí dókítà lè fi gbólóhùn mẹ́ta ṣàlàyé. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pàràgà àti oògùn ọkùnrin lẹ́bàá gáréèjì. Kí wọ́n ṣọ́ra o. Àwọn oògùn ilé ìwòsàn tó ń ṣèrànwọ́ wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé àwọn oògùn ọkàn kan nínú ara, ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí yóò gbẹ̀mí ènìyàn. Dókítà ló yẹ kó fún ni. Ní ti àwa, a ń bára wa sọ̀rọ̀ lóru ju ti ìgbà èwe lọ, ojú wa kì í kúkú sábà sé. Mo ń fi òróró pa ẹ̀yìn wọn. Ó tó wa. Ṣùgbọ́n kí ó tó tó wa, ó gbà wá ní àkókò tí kò yẹ kó gbà wá.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan máa sọ. Àkọ́kọ́, pé àṣírí aláìsàn ni ara rẹ̀, dókítà kò lè fi lé ìyàwó lọ́wọ́. Òótọ́ ni, èmi náà kò ní kí wọ́n pè mí wọlé lẹ́yìn ọkọ mi. Kí wọ́n bi ọkùnrin náà léèrè ni mo wí: "Bàbá, ta ni ẹ fẹ́ kó bá yín gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?" Ní báyìí, wọn kò bi í rárá, wọ́n kàn ti ìlẹ̀kùn ni. Ìkejì, pé ìyàwó wo, nígbà tí bàbá ní ju ẹyọ kan lọ? Èyí tó bá yàn ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló yàn, tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó dára. Opó ọkùnrin náà wà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè bá a wọlé. Ìkẹta, pé dókítà kò ráyè, èrò pọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ mọ̀ pé òótọ́ nìyí, àwọn dókítà wa sì ń kó lọ sí òkè òkun lójoojúmọ́. Kò pọn dandan kó jẹ́ dókítà. Nọ́ọ̀sì kan lè kó tọkọtaya mẹ́wàá jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó bá wọn sọ̀rọ̀ ní Yorùbá fún wákàtí kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ti máa ń ní àrùn yìí láyé rẹ̀ nígbà tí ti gbogbo ọkùnrin lápapọ̀ jẹ́ 1 nínú 8, àwọn nọ́ọ̀sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju èyí lọ, nọ́ńbà fóònù wọn sì wà lọ́wọ́ aláìsàn.

Wọ́n á tún ní aláìsàn ló ń jìyà, kí ló kan ìyàwó? Ohun tó ń bá ojú ló ń bá imú. Ní 1994 ni wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ prọ́sítéètì àti àwọn aya wọn. Ìdààmú ọkàn àwọn aya ló pọ̀ ju ti àwọn ọkọ tó ń ṣàìsàn gan-an lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀ mọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó sùn tì í ń méfò ni.

Ìtìjú ló ti gbogbo ìlẹ̀kùn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ńlá ti ṣí i fún wa. Ní oṣù keje ọdún 2001, nígbà tí Nelson Mandela pé ọmọ ọdún 83, gbogbo ayé gbọ́ pé ó ní jẹjẹrẹ prọ́sítéètì. Ìtànṣán ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fún un. Ó tún gbé ayé fún ọdún méjìlá, ó kú lẹ́ni ọdún 95 ní oṣù kejìlá 2013. Oṣù kejìlá yẹn kan náà ni wọ́n rí àrùn yìí lára Wọlé Ṣóyínká, tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ifẹ̀, nítòsí wa níbí. Ní oṣù kọkànlá 2014, ó sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn ní Abẹ́òkúta pé òun ní in, òun sì ti gba ìtọ́jú. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì rọ. Àwọn ọkùnrin méjèèjì jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ènìyàn lè ní in kó sì yè. Èyí tó kù fún àwa tí a kò lórúkọ ni láti sọ bí a ṣe ń gbé ayé náà.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Àwọn onímọ̀ ní ìwé ìbéèrè kan tó ń jẹ́ EPIC-26, ìbéèrè 26 péré, lórí ìtọ̀, ìgbẹ́, ìbálòpọ̀ àti ohun tí abẹ́rẹ́ hòmóònù ń fà. Kí wọ́n máa fi Yorùbá bi àwọn bàbá wa ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá fún PSA, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi dára gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n kọ̀ láti bá wa lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn nítorí ìtọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n dín ìrìn wa kù. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí ẹ̀rọ ìtànṣán wà kò pọ̀. Ó wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ó wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní oṣù kejì 2019, àti ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni díẹ̀. Ẹni tó bá wá láti Mọ́rọ̀, Yákòyó, Ẹdúnàbọ̀n tàbí Ìpetumodù gbọ́dọ̀ wá ilé tí yóò wọ̀ sí. Ní 2016, ìwádìí CHHiP ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkùnrin tó lé ní 3,000 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ìtànṣán ìgbà 20 láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò rẹlẹ̀ sí ìgbà 37 láàrin ọ̀sẹ̀ méje àti ààbọ̀. Ní 2024, ìwádìí PACE fi hàn pé fún àwọn tí àrùn wọn kò tíì le, ìgbà 5 péré tó, bí ẹ̀rọ bá péye. Kí àwọn dókítà wa sọ fún wa èyí tó bá tiwa mu, nítorí owó ọkọ̀ àti ilé onílé wà lára ìyà àrùn náà. Bí ìtọ́jú bá sì parí, kí ilé ìwòsàn tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí wa, gba ìwé wa, kí wọ́n máa tọ́jú ohun tó bá yọjú lẹ́yìn náà, kí ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ má tún gbé wa padà sí Èkó tàbí sọ́dọ̀ alágbo.

Mo yí sí ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ má dúró kí wọ́n pè yín. Ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ bèèrè nǹkan wọ̀nyí: ìgbà mélòó ni ìtànṣán máa jẹ́, ṣé ó lè dín? Abẹ́rẹ́ yóò wà níbẹ̀ bí, fún oṣù mélòó? Kí ni a ó ṣe bí ìtọ̀ bá ń jò, bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde? Ta ni a ó pè ní fóònù? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ láàrin èmi àti ọkọ mi? Bí wọ́n bá sọ fún yín nílé pé kí ọmọ-ọmọ má jókòó lé bàbá lẹ́sẹ̀ kí iná má bàa ràn án, ẹ jẹ́ kó jókòó: ìtànṣán tó ti ẹ̀rọ ìta wá kì í kù sí ara, kò lè ran ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n bá fi kóró ìtànṣán sínú prọ́sítéètì wọn nìkan ni dókítà máa fún ní ìkìlọ̀ tiwọn.

Ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ dá a gbé. Ẹ ti fi gbogbo ayé dá nǹkan gbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ fọwọ́ sí ìwé yẹn, tí nọ́ọ̀sì bá ní kí ìyàwó yín jókòó síta, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sọ pé àwọn méjì ló ń wọlé. Bí wọ́n bá bèèrè ìdí, ẹ ní ilé kan náà la ó jọ padà sí.